Chapter 7 tàbí Chapter 13: Yíyan Ọ̀nà Àbáyọ Nígbà tí Gbèsè Bá Ju Agbára Ẹni Lọ

Òfin Amẹ́ríkà kò ka gbèsè sí ẹrù tí ènìyàn gbọ́dọ̀ rù dé ibojì. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ ní ọdún 1787 ti fún Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lágbára láti ṣe òfin kan náà fún gbogbo ìpínlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó wọko gbèsè. Èyí tí wọ́n ń lò lónìí ni wọ́n ṣe ní 1978, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 1979. Bí onígbèsè bá ti fi ìwé sílẹ̀ ní kóòtù báyìí, lójú ẹsẹ̀ ni òfin dá àwọn olówó dúró: wọn kò gbọ́dọ̀ pè é lórí fóònù mọ́, wọn kò gbọ́dọ̀ gé nínú owó iṣẹ́ rẹ̀, báńkì kò sì gbọ́dọ̀ gbé ilé rẹ̀ ta láìjẹ́ pé kóòtù yọ̀ǹda. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ṣàpèjúwe ológò, ẹni tí olówó ń rán lọ jókòó sílé onígbèsè, tí yóò máa pariwo, tí yóò máa gba oúnjẹ tipátipá, títí ará ilé yóò fi wá owó náà jáde. Ohun tí òfin Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣe fún onígbèsè ni pé ó lé ológò kúrò lójúde rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí wà lọ́wọ́ ọ̀nà tí onígbèsè yàn nínú àwọn apá òfin náà tí wọ́n ń pè ní Chapter. Chapter 11 wà, àwọn ilé-iṣẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lò ó. Chapter 12 wà fún àgbẹ̀ àti apẹja. Fún ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù, Chapter 7 tàbí Chapter 13 ni. Orí yìí yóò fi hàn pé ohun tí onígbèsè ní àti irú gbèsè tó jẹ ló yẹ kó pinnu èyí tí yóò mú, ṣùgbọ́n pé ọ̀nà tí agbẹjọ́rò ń gbà gba owó iṣẹ́ rẹ̀ máa ń pinnu rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Chapter 7 ni ọ̀nà kúkúrú. Kóòtù yóò yan alábòójútó kan tí yóò yẹ ohun ìní onígbèsè wò. Èyí tí òfin kò bá dá sí, alábòójútó yóò tà á, yóò sì pín owó rẹ̀ fún àwọn olówó. Ní ti gidi, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń gba ọ̀nà yìí kò ní ohunkóhun tí wọ́n lè rí tà, nítorí òfin ti dá aṣọ, ohun èlò ilé, irinṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì wọn sí, ó sì ti dá ọkọ̀ wọn sí dé iye kan. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́rin, kóòtù yóò fagi lé gbèsè tó ṣeé fagi lé: owó káàdì, owó ilé ìwòsàn, ẹ̀yáwó tí kò ní ohun ìdógò. Owó tí onígbèsè bá ń rí lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti fìwé sílẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Àwọn gbèsè kan wà tí kò sí ọ̀nà tí yóò tètè nù wọ́n nù: owó ìtọ́jú ọmọ tí kóòtù bù léni, ọ̀pọ̀ owó orí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pẹ́, gbèsè tí a fi jìbìtì jẹ. Owó tí ènìyàn yá lọ sí yunifásítì náà wà níbẹ̀, àyàfi tó bá lè fi hàn ní kóòtù pé sísan án yóò ni òun lára rékọjá ààlà, ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò sì rọrùn láti rí kó jọ.

Chapter 13 ní tirẹ̀ jẹ́ àdéhùn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Onígbèsè yóò di gbogbo ohun ìní rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n yóò fi ètò kan síwájú kóòtù pé òun yóò máa san iye kan lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ìsanwó yìí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Alábòójútó ló ń gba owó náà tó sì ń pín in. Ìgbà tí ètò náà bá parí ni èyí tó ṣẹ́ kù lára gbèsè tí kò ní ohun ìdógò tó lè di èyí tí a fagi lé. Bí onígbèsè bá kùnà láàárín ọ̀nà, tí iṣẹ́ bọ́ tàbí tí àìsàn dé, kóòtù lè tú ẹjọ́ náà ká, ológò yóò sì padà wá jókòó. Òfin fi ààlà sí iye gbèsè tí ẹni tó fẹ́ gba ọ̀nà yìí lè jẹ: láti oṣù kẹrin ọdún 2025, kò gbọ́dọ̀ tó 526,700 dọ́là nínú èyí tí kò ní ohun ìdógò, tàbí 1,580,125 dọ́là nínú èyí tó ní.

Nígbà tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tún òfin yìí ṣe ní ọdún 2005, ohun tí àwọn tó ṣagbátẹrù rẹ̀ ń sọ ni pé àwọn tó lè san gbèsè ń fara pamọ́ sábẹ́ Chapter 7. Wọ́n wá fi ìdánwò kan sí ẹnu ọ̀nà. A ó kó owó tó wọlé fún onígbèsè ní oṣù mẹ́fà tó ṣáájú jọ, a ó fi ìyẹn ṣírò tọdún kan, a ó sì fi wé owó tó ń wọlé fún ìdílé tó wà ní agbedeméjì ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Bí tirẹ̀ kò bá ju ìyẹn lọ, ó yege. Bó bá jù ú lọ, a ó yọ àwọn ìnáwó tí òfin gbà kúrò kí a tó mọ̀ bóyá ó ku ohun tó lè fi san gbèsè. Ìwé ìròyìn àti ìpolówó ti sọ ìdánwò yìí di àkọ́mọ̀ọ́sórí: olówó oṣù ńlá á lọ sí 13, tálákà á lọ sí 7. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọko gbèsè ni owó wọn kò tó ti agbedeméjì rárá, ìdánwò náà kò sì dí ọ̀nà kankan mọ́ wọn. Síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn ló ń bá ara wọn nínú Chapter 13. Kí ló gbé wọn débẹ̀?

Ìdí gidi wà tí ènìyàn fi lè yan Chapter 13, a kò sì gbọ́dọ̀ fojú kéré wọn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ilé. Bí owó ilé oṣù mẹ́jọ bá ti ṣẹ́jọ, tí báńkì sì ti ń palẹ̀ mọ́ láti tà á, Chapter 7 yóò kàn fa ọwọ́ aago sẹ́yìn díẹ̀ ni. Chapter 13 ló fún onílé láǹfààní láti pín owó tó ṣẹ́jọ náà sí ọdún púpọ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá ń san ti oṣù tuntun bó ti ń dé. Kò lè dín gbèsè tó ra ilé tó ń gbé kù o; ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 1993 nínú ẹjọ́ Nobelman. Ohun kejì ni onídùúró. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fọwọ́ síwèé fún nígbà tó ń yá owó mọ̀ pé bí òun bá gba Chapter 7, gbèsè náà yóò kúrò lọ́rùn òun, yóò sì fò mọ́ ẹ̀gbọ́n lọ́rùn. Nínú Chapter 13, òfin ń dáàbò bo onídùúró fún gbèsè tí wọ́n jẹ fún bùkátà ilé, dé ìwọ̀n tí ètò náà bá ti ń san án. Ohun kẹta kò gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo ní àwọn ìlú bíi Chicago: owó ìtanràn tí ìjọba ìlú bù léni nítorí ibi tí a gbé ọkọ̀ sí. Chapter 7 kì í fagi lé e. Chapter 13 lè fagi lé e.

Bákan náà, ohun ìní ẹni lè sọ Chapter 7 di ewu, níbí ni ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé sì ti ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ní Texas àti Florida, òfin kò fi iye owó dá ilé tí onígbèsè ń gbé dúró. Bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n ń wò. Ẹni tó ní ilé olówó ńlá ní Houston lè gba Chapter 7 kó sì máa sùn nínú ilé rẹ̀ lọ, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ àná tó kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn lè pàdánù ilé tí kò tó ìdajì rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kíkó lọ sí Texas lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọgbọ́n. Òfin ń béèrè pé kí ènìyàn ti gbé ìpínlẹ̀ kan fún ọjọ́ 730 kó tó lè lo ìdásí ibẹ̀, ó sì tún fi ààlà sí iye tí a lè dá sí nínú ilé tí a rà láàárín ọjọ́ 1,215 kí a tó fìwé sílẹ̀. Ìṣirò báyìí kò ṣeé fi orí ara ẹni nìkan ṣe, òun ló sì mú kí agbẹjọ́rò pọn dandan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe Chapter 7 fúnra rẹ̀ nígbà tí kò ní dúkìá kankan lè rí i ṣe, pàápàá pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ aláàánú bíi Upsolve. Chapter 13 láìsí agbẹjọ́rò kì í sábà dé èbúté.

Agbẹjọ́rò náà ní láti jẹun, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ní ọdún 2004, nínú ẹjọ́ Lamie, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pinnu pé agbẹjọ́rò onígbèsè nínú Chapter 7 kò lè gba owó iṣẹ́ rẹ̀ nínú dúkìá tó wà níwájú kóòtù, àyàfi tí alábòójútó bá gbà á síṣẹ́ tí kóòtù sì fọwọ́ sí i. Owó tí onígbèsè bá sì jẹ agbẹjọ́rò rẹ̀ kó tó fìwé sílẹ̀ jẹ́ gbèsè bíi ti yòókù, ó sì lè bá yòókù lọ. Ìdí nìyẹn tí agbẹjọ́rò Chapter 7 fi ń gba owó rẹ̀ lódindi kó tó wọ kóòtù, tí iye náà sì sábà máa ń ju ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lọ, yàtọ̀ sí owó kóòtù tó jẹ́ 338 dọ́là ní 2024. Nínú Chapter 13, owó kóòtù jẹ́ 313, owó agbẹjọ́rò sì lè jẹ́ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ti Chapter 7, ṣùgbọ́n òfin gbà kí ó wọ inú ètò ìsanwó, kí alábòójútó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí èyí ń sọ: ẹni tí kò ní ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lọ́wọ́ lónìí lè wọ ọ̀nà tó gbówó lórí jù láìsan kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kò lè wọ èyí tó rọjú.

Kì í ṣe àbá lásán ni èyí. Ní 2012, Jean Braucher, Dov Cohen àti Robert Lawless tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Journal of Empirical Legal Studies. Wọ́n rí i pé àwọn aláwọ̀ dúdú tó wọko gbèsè ń wọ Chapter 13 ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ìwọ̀n tí àwọn ẹlòmíràn fi ń wọ̀ ọ́, ìyàtọ̀ náà kò sì parẹ́ nígbà tí wọ́n ti yọ ti owó tó ń wọlé, ilé àti dúkìá kúrò. Wọ́n wá kọ ìtàn tọkọtaya kan ránṣẹ́ sí àwọn agbẹjọ́rò káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí wọ́n dábàá ọ̀nà tó yẹ. Ìṣirò owó kan náà ni. Orúkọ àti ṣọ́ọ̀ṣì tí tọkọtaya náà ń lọ nìkan ni wọ́n yí padà, kí ó lè dà bíi pé aláwọ̀ dúdú ni wọ́n tàbí funfun. Àwọn agbẹjọ́rò dábàá Chapter 13 fún tọkọtaya aláwọ̀ dúdú ju fún ti funfun lọ. Ní 2017, ilé ìròyìn ProPublica tún yẹ ẹjọ́ tòótọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà wò, ó sì tẹjú mọ́ Memphis àti Chicago. Ní Memphis, Chapter 13 ló ti gbilẹ̀ tipẹ́, àwọn agbẹjọ́rò á gbà yín wọlé láìgba ohunkóhun lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹjọ́ tó pọ̀ sì ń tú ká kó tó dé òpin. Káàkiri Amẹ́ríkà, ìwádìí léraléra ti fi hàn pé ètò Chapter 13 tó ń parí kò tó ìdajì, nígbà tó jẹ́ pé ó ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ẹjọ́ Chapter 7 tó ń gba ìfagilé gbèsè. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Houston tàbí Chicago lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà kò kan òun. Ẹni tó jókòó sí òdìkejì tábìlì nínú ọ́fíìsì agbẹjọ́rò lè má mọ ìyàtọ̀ náà.

Chicago fúnra rẹ̀ fi hàn bí ìdí gidi àti ìdí owó ṣe lè lọ́ mọ́ra. Ìjọba ìlú máa ń fa ọkọ̀ ẹni tí owó ìtanràn rẹ̀ ti pọ̀ lọ. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ kò lè dé ibi iṣẹ́; ẹni tí kò dé ibi iṣẹ́ kò lè san ìtanràn. Ọ̀pọ̀ wọ Chapter 13 kí wọ́n lè gba ọkọ̀ wọn padà, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà ní Chicago sì dá wọn láre ní 2019. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2021, nínú ẹjọ́ City of Chicago v. Fulton, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé dídi ọkọ̀ tó ti wà lọ́wọ́ ìjọba tẹ́lẹ̀ mú, nìkan, kò rú apá tí àwọn olùpẹjọ́ gbára lé nínú òfin tó ń dá olówó dúró. Agbẹjọ́rò tó ṣì ń fi ọkọ̀ tàn ènìyàn wọ ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìdájọ́ yìí gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà rí ọkọ̀ náà gbà, àti ìgbà tí yóò gbà á.

Àtakò tó lágbára jù lọ sí èrò orí yìí ni ti ọmọlúàbí. Wọ́n á ní ẹni tó jẹ gbèsè yẹ kó san án, pé Chapter 13 kò yà kúrò nínú ìwà yìí bíi Chapter 7, àti pé ìdílé onítìjú yóò yàn án bí kò tilẹ̀ sí agbẹjọ́rò tó ń tì í. Ohun tó dára ni ìtìjú, n kò sì ní kí a gbé e sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé owó náà. Nínú ọ̀pọ̀ ètò Chapter 13, owó tí onígbèsè ń san á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ alábòójútó àti agbẹjọ́rò, á tún lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mú ọkọ̀ tàbí ilé ṣe ìdógò. Ilé-iṣẹ́ káàdì àti ilé ìwòsàn ló máa ń jẹ àjẹkù, bí àjẹkù bá wà. Bí ètò bá tú ká ní ọdún kejì, onígbèsè ti san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, gbèsè rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú èlé tó ti gorí rẹ̀, àwọn tó ń tìtorí wọn tijú kò sì rí nǹkan kan tó láárí gbà. Ìwádìí ọdún 2012 yẹn tilẹ̀ rí i pé àwọn agbẹjọ́rò ka tọkọtaya aláwọ̀ dúdú sí ọmọlúàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n bá ní Chapter 13 ni àwọn fẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwà rere tí ẹnì kan ń sọ nígbà tí owó tirẹ̀ wà nínú rẹ̀ yẹ kí a fura sí. Ẹni tó bá sì fẹ́ san gbèsè ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí lẹ́yìn Chapter 7, òfin kò dí i lọ́wọ́: ó lè fínnúfíndọ̀ san án nígbà tí ara bá tù ú.

Àwọn mìíràn á ní aláìmọ̀kan ni onígbèsè, kí ló mọ̀ tí yóò fi yẹ ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò wò? Òótọ́ ni pé òfin náà díjú, agbẹjọ́rò olóòótọ́ sì pọ̀. Òfin pàápàá ti ka agbẹjọ́rò wọ̀nyí sí ara àwọn tó ń fi ìrànlọ́wọ́ gbèsè ṣòwò. Ẹjọ́ Milavetz ti 2010 fìdí ìyẹn múlẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní ìwé àdéhùn tó ṣàlàyé iṣẹ́ àti owó, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ jẹ gbèsè sí i nítorí pé ó fẹ́ wọ kóòtù. Kò sí èyí tó ní kí onígbèsè mọ òfin ju agbẹjọ́rò lọ. Ohun tó lè mọ̀ ju agbẹjọ́rò lọ ni ohun tó ní àti ohun tó jẹ. Bó bá kọ wọ́n sílẹ̀ kó tó lọ, ó lè béèrè ìbéèrè kan tó ń tú àṣírí: kí ni Chapter 13 yóò bá mi dá sí tí Chapter 7 kò ní lè dá sí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ ilé, tàbí onídùúró, tàbí ìtanràn, ìmọ̀ràn náà ní ẹsẹ̀. Bí ìdáhùn kan ṣoṣo bá jẹ́ pé ẹ kò ní san ohunkóhun lónìí, ó sàn kí onígbèsè wá ibi tí yóò ti rí ẹgbẹ̀rún kan dọ́là fi pamọ́ láàárín oṣù mélòó kan, tàbí kó béèrè bóyá kóòtù àdúgbò náà gbà kí àdéhùn owó pín sí méjì, apá kan ṣáájú, apá kan lẹ́yìn ìfìwésílẹ̀. Kóòtù kò ṣọ̀kan lórí èyí.

Kíkọ tí a ní kí onígbèsè kọ ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ yìí ni àwọn tó wá láti Nàìjíríà ti máa ń ṣe àṣìṣe tó léwu jù. Dúkìá tó bọ́ sábẹ́ òfin yìí ni gbogbo ohun tí onígbèsè ní, níbikíbi tó bá wà. Ilé alájà kan ní Ìbàdàn, ilẹ̀ tí wọ́n ti san owó rẹ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ìpín rẹ̀ nínú ilé ẹbí, àjọ tó dá tí kò tíì kó: gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀kan pamọ́ lè pàdánù ìfagilé gbèsè rẹ̀ pátápátá, ó sì tún jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó lè mú kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Bákan náà ni sísan gbèsè àbúrò ẹni tán kí a tó lọ sí kóòtù. Lójú wa, ìwà tó bójú mu ni. Lójú òfin, owó tí a san fún ẹbí láàárín ọdún kan ṣáájú ìfìwésílẹ̀ lè jẹ́ ojúsàájú, alábòójútó sì lágbára láti lọ gbà á padà lọ́wọ́ àbúrò náà. Ilé Ìbàdàn yẹn lè jẹ́ ìdí gidi láti yan Chapter 13, nítorí nínú rẹ̀ kò sí ẹni tí yóò tà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò náà gbọ́dọ̀ san iye tí àwọn olówó ìbá rí gbà bí wọ́n bá tà á nínú Chapter 7. Owó àbúrò lè jẹ́ ìdí láti dúró títí ọdún kan yóò fi kọjá. Agbẹjọ́rò kò lè fún ẹni tó bo ilé rẹ̀ mọ́ ọn lójú ní irú ìmọ̀ràn báyìí.

Yíyan ọ̀nà kan kì í ti èkejì pa pátápátá. Ẹni tó wọ Chapter 13 lè sọ ọ́ di Chapter 7 nígbàkígbà bó bá yẹ fún un, láìjẹ́ pé ó tọrọ àánú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wọ Chapter 7 náà lè béèrè pé kí wọ́n sọ ọ́ di 13, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 2007, nínú ẹjọ́ Marrama, pé ẹni tó ti hu ìwà màgòmágó, bíi fífi ilé pamọ́ fún alábòójútó, lè pàdánù àǹfààní yìí. Ohun tí kì í padà ni owó tí a ti san sínú ètò tí ó ti pín lọ, àti àwọn oṣù tó ti kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tó bá sì gba ìfagilé gbèsè nínú Chapter 7 lónìí gbọ́dọ̀ dúró fún ọdún mẹ́jọ, láti ọjọ́ tó fìwé sílẹ̀, kó tó lè tún fi ìwé sílẹ̀ fún irú rẹ̀.